Àwo jáàsì wo lẹ ń gbọ́ lọ́wọ́?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olólùfẹ́ jáàsì, ẹ kú ìgbádùn o. Kí ló wà létí yín lọ́sẹ̀ yìí? Èmi ò tíì kúrò lórí Kind of Blue ti Miles Davis, 1959. Bill Evans ló tẹ dùùrù níbẹ̀, àfi orin kejì tó jẹ́ ti Wynton Kelly. Ẹ fetí sí i dáadáa: ọwọ́ Kelly ń jó ni, Evans ní tirẹ̀ máa ń dákẹ́ kó tó sọ̀rọ̀. Ti Evans ni mo fẹ́ràn jù.

Èsì: A Love Supreme ti John Coltrane, afunfèrè. Ọjọ́ kan ṣoṣo ní oṣù Kejìlá 1964 ni wọ́n gbà á sílẹ̀! Fèrè rẹ̀ ni gbogbo ayé ń yìn, ìlù Elvin Jones ni èmi ń tẹ̀ lé.

Èsì: Kind of Blue náà kọ́ lẹ tún gbé dé yìí? Ẹ gbọ́ The Köln Concert, Keith Jarrett, 1975. Dùùrù tí kò dára ni wọ́n gbé fún un, síbẹ̀ ó fi gbé ọkàn wa lọ.

Olùbéèrè: Mo gbọ́ o. Ẹni Coltrane, apá wo ni ìlù yẹn ti dùn jù?

Èsì: Apá kẹta. Jones nìkan ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.