Ọmọ wa ń gbọ́ ọ̀rọ̀ yé, ṣùgbọ́n kò tíì máa sọ ọ́: kí ni kí a ṣe?

Ọmọkùnrin wa ti pé ọdún 2 àti oṣù 4, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó ń jáde lẹ́nu rẹ̀ kò ju 8 lọ, kò sì tíì so méjì pọ̀ rí, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ ọmọ ọdún 2 ló ti ń sọ tó 50. Ó ń gbọ́ wa yé dáadáa: bí mo bá ní kí ó lọ mú bàtà rẹ̀ wá láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, tí n kò tilẹ̀ nawọ́ síbẹ̀, yóò mú un wá. Ṣùgbọ́n bí òùngbẹ bá ń gbẹ ẹ́, ọwọ́ mi ni yóò fà dé ìdí ife, tí yóò máa kùn "ùn, ùn" títí n ó fi bu omi fún un.

A ti ṣe àyẹ̀wò etí rẹ̀, kò sí àléébù. A ti dín wíwo fóònù kù, a sì ń ka ìwé aláwòrán fún un lálaalẹ́. Àwọn ẹbí ní kí a ní sùúrù, pé bàbá rẹ̀ náà pẹ́ kí ó tó sọ̀rọ̀. Sùúrù ọ̀hún ti ń tán.

Ẹ̀yin òbí tí ẹ ti la irú èyí kọjá, ṣé kí a mú un lọ sọ́dọ̀ onímọ̀ ìtọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ nísinsìnyí, àbí kí a dúró di ọdún 3? Bí ó bá sì tún fà mí lọ sídìí ife, ṣé kí n pe "omi" kí n sì fún un lójú ẹsẹ̀, àbí kí n dúró díẹ̀ kí òun fúnra rẹ̀ gbìyànjú láti pè é?