"Ìyàwó ilé" kọ́ ni shufu

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ̀gbọ́n wa tó ń túmọ̀ àpilẹ̀kọ kan nípa àwọn obìnrin Jàpáànì béèrè bóyá a lè pe sengyō shufu, ìyẹn obìnrin tí ìtọ́jú ilé nìkan jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀, ní "ìyàwó ilé", ká sì pe ikumen, ìyẹn bàbá tó ń tọ́jú ọmọ, ní "ọkọ agbọ́mọ". Àwọn mẹ́ta ti fọwọ́ sí i. Ẹ jọ̀wọ́, èmi ò lè fọwọ́ sí i.

Ní agboolé tí wọ́n bí mi sí, gbogbo obìnrin tí wọ́n fẹ́ wọlé ni ìyàwó ilé, kò sì sí èyí tó jókòó sílé nínú wọn. Ẹni tó ń ta ẹlùbọ́ ń ta ẹlùbọ́, ẹni tó ń rẹ aró ń rẹ aró. Ọmọbìnrin ilé tí wọ́n bí lánàá, ọkọ ni wọ́n ń pè é. Ọ̀rọ̀ ìbátan ni "ìyàwó ilé", kì í ṣe orúkọ iṣẹ́.

Orúkọ iṣẹ́ ni sengyō shufu. Sengyō ni iṣẹ́ kan ṣoṣo téèyàn gbájú mọ́, shufu sì ni ẹni tó ń bójú tó ilé. Nígbà tí ọrọ̀ ajé Jàpáànì ń gbèrú, láti nǹkan bí ọdún 1955 títí wọ àwọn ọdún 1970, ọkọ á jáde lọ sí ilé-iṣẹ́ láàárọ̀, á dé lóru. Ìyàwó á ti fi iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ nígbà ìgbéyàwó tàbí nígbà oyún. Wọ́n tilẹ̀ ń pe fífi iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí ìgbéyàwó ní kotobuki taisha, kotobuki sì rèé, ọ̀rọ̀ oríire ni! Ti owó ló wá yà mí lẹ́nu jù. Nínú ọ̀pọ̀ ilé bẹ́ẹ̀, ọkọ á kó owó oṣù lé ìyàwó lọ́wọ́, ìyàwó á sì yọ owó tí ọkọ máa ná fún un. Kozukai ni wọ́n ń pè é. Lọ́dọ̀ wa, ọkọ ló ń fún ìyàwó lówó ọbẹ̀. Ta ló máa ka "ìyàwó ilé" tó máa mọ̀ pé obìnrin yìí ló di àpò owó mú?

Ohun tí mo dábàá ni afiléṣiṣẹ́ṣe. A máa ń sọ pé ẹnì kan fi ẹja pípa ṣiṣẹ́ ṣe. Ẹni yìí fi ilé ṣiṣẹ́ ṣe. Bí ẹ bá ní ó máa dà pọ̀ mọ́ ẹni tó gbé iṣẹ́ ọ́fíìsì wálé, ẹni yẹn ń ti ilé ṣiṣẹ́ ni. Fi àti ti ò jọra létí ọmọ Yorùbá.

Mo mọ̀ọ́mọ̀ yọ "ìyàwó" kúrò. Bí wọ́n bá pe shufu, etí ò lè mọ̀ bóyá obìnrin ni tàbí ọkùnrin. Inú ìwé nìkan ni àmì ìkọ̀wé Jàpáànì tó kẹ́yìn ọ̀rọ̀ náà ti yàtọ̀, ọ̀kan jẹ́ ti obìnrin, èkejì jẹ́ ti ọkọ. Àwọn ará Jàpáànì náà ń tún ọ̀rọ̀ wọn ṣe: kangofu ni nọ́ọ̀sì obìnrin tẹ́lẹ̀, àmọ́ láti 2002, kangoshi ni òfin ń pe gbogbo wọn. Níbi tí àpilẹ̀kọ bá ti ń ròyìn ayé àtijọ́, ẹ kọ ọ́ kedere pé obìnrin ni, torí àwọn ni wọ́n ń retí pé kí wọ́n fiṣẹ́ sílẹ̀. Òfin ìdọ́gba níbi iṣẹ́ tí wọ́n ṣe ní 1985 ò sì tíì fi bẹ́ẹ̀ le nígbà tó kọ́kọ́ jáde.

Shujin, tí ìyàwó fi ń pe ọkọ rẹ̀, ẹ má pè é ní "olówó orí". Kò sí owó orí nínú rẹ̀; ọ̀gá ilé ló wà níbẹ̀. "Baálé mi" ló sún mọ́ ọn. Ọ̀pọ̀ obìnrin ibẹ̀ ti ń sá fún un báyìí, otto ni wọ́n ń sọ, ìyẹn "ọkọ" lásán. Bí ẹ bá tú méjèèjì sí "ọkọ", àríyànjiyàn wọn ti sọnù nìyẹn.

Ó ku ikumen, bàbá tó ń tọ́jú ọmọ rẹ̀ fúnra rẹ̀, ọ̀rọ̀ tí ìjọba wọn gbé lárugẹ ní 2010. Ẹ má kàn kọ ọ́ bó ṣe ń dún, torí a ò gbọdọ̀ fi ikú ṣáájú orúkọ ẹni tó gbé ọmọ lọ́wọ́. "Agbọ́mọ" náà ò dáa, gbọ́mọgbọ́mọ ló máa sọ sí ìyá tó bá kà á lọ́kàn. Àwọn obìnrin kan níbẹ̀ tiẹ̀ ti béèrè pé kí ló dé tí bàbá fi nílò orúkọ àpọ́nlé nítorí ọmọ tirẹ̀, nígbà tí ìyá tó ń ṣe é ò ní orúkọ kankan ju ìyá lọ. Ìbéèrè yẹn tọ́ gan-an lójú mi. Síbẹ̀ a ò lè túmọ̀ ẹ̀hónú wọn láìsí ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń bínú sí, ìdí nìyẹn tí mo fi mú "bàbá apọnmọ" wá. Ẹ̀yin ará Èkìtì àti Ìjẹ̀bú, ṣé kì í ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ ni "apọnmọ" máa dún bí létí yín?