Ta ló ti gba ìtànṣán nítorí kókó ọrùn rí? Ẹ wá sọ bó ṣe rí

Ọmọ Ìjọ́kà: Ẹ kú ilé o. Kókó yọ lọ́rùn àbúrò mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 26. Wọ́n gé díẹ̀ níbẹ̀, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní lìmfómà Hodgkin ni, irú jẹjẹrẹ kan, ìpele kejì. Ó ti parí kẹ́mò, ìyẹn oògùn jẹjẹrẹ, ó ku ìtànṣán tí wọ́n máa fi ẹ̀rọ tàn sí i lọ́rùn. Ìyá wa gbọ́ pé “iná” ni wọ́n fẹ́ fún un, wọ́n ní àwọn ò bímọ fún iná. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbà á, báwo ló ṣe rí? Àdúrà ti pọ̀ tó nílé, ìrírí ni mo fẹ́.

Kẹ̀kẹ́ Kò Sinmi: Olúwa á wò ó sàn lórúkọ Jésù.

Àgbẹ̀ Ìdànrè: Fóònù mi kì í gbé àmì. Kòkó ni mo kà, mo ti fẹ́ béèrè iye tí wọ́n ń ra kílò kan lọ́dọ̀ yín. Ẹ má bínú.

Sísí Alágbàká: Àgbẹ̀, ẹ pa mí lẹ́rìn-ín.

Èmi gbà á. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, Mọ́ńdè sí Fúráìdè, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko. Ẹ bá mi sọ fún mọ́mì pé kò sí iná níbẹ̀. Kò gbóná, kò rùn, ẹ̀rọ náà ò tiẹ̀ kàn yín lára. Ẹ máa dùbúlẹ̀, wọ́n á jáde, wọ́n á ti ilẹ̀kùn, ẹ̀rọ á máa kùn bíi fíríìjì àtijọ́. Kò pẹ́ rárá. Títún ara gbé sójú ibi tó yẹ ló ń gba àsìkò.

Ohun tó dẹ́rù bà mí ni máàsìkì. Ike pẹlẹbẹ kan ni, wọ́n á rì í sómi gbígbóná kó lè rọ̀, wọ́n á nà án bò yín lójú dé èjìká, á wá gan bí ojú yín ṣe rí gẹ́lẹ́. Òun ni wọ́n á máa fi dè yín mọ́ bẹ́ẹ̀dì lójoojúmọ́ kí ẹ má baà mira. Ọjọ́ kìíní, mo ké. Ọjọ́ kejì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ibùdókọ̀ Àkúrẹ́ nínú: Nọ́ọ̀tì Géètì, Sáútì Géètì, Kàtídírà, Ọjà Ọba. Kí n tó dé Ọjà Ọba, wọ́n ti ṣe tán.

Kẹ̀kẹ́ Kò Sinmi: Ẹ fo Roadblock.

Sísí Alágbàká: Ẹni tí wọ́n dè mọ́lẹ̀ lẹ ń bá ṣírò ibùdókọ̀?

Àdùkẹ́ Aláṣọ: Háà, máàsìkì yẹn! Ó ti pé ọdún mẹ́rin, n kò tíì lè fi aṣọ borí sùn títí di òní.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó dùn mí jù. Ọmọ mi ò ju ọdún mẹ́ta lọ nígbà náà. Ìyá ọkọ mi ní iná wà lára mi, pé tí mo bá gbé e, á ràn án. Mo máa ti ọsibítù dé, ọmọ á na ọwọ́ sí mi, wọ́n á gbé e wọ yàrá. Bẹ́ẹ̀ la ṣe é títí mo fi gba gbogbo rẹ̀ tán. Ọkọ mi ò sọ̀rọ̀. Kò sí ìtànṣán tó jó mi tó ìyẹn.

Ọmọ Ìjọ́kà: Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Omi bọ́ lójú mi.

Nọ́ọ̀sì Tó Ti Fẹ̀yìntì: Àdùkẹ́, pẹ̀lẹ́ ọmọ mi. Wọ́n ṣì ọ́ ṣe. Ìtànṣán tó ń ti inú ẹ̀rọ wá dà bí iná gílóòbù, tí wọ́n bá ti pa á, ìmọ́lẹ̀ ò kù nínú yàrá. O lè gbé ọmọ, o lè bá ọkọ sùn, o lè jẹun nínú abọ́ kan náà pẹ̀lú wọn. Èyí tí wọ́n ń ní kí èèyàn yẹra fún ọmọdé àti aboyún ni ti oògùn áyódìn onítànṣán tí wọ́n ń gbé mì nítorí táírọ́ìdì, ẹṣẹ́ kékeré tó wà níwájú ọrùn. Ìyẹn yàtọ̀.

Adúróṣinṣin: Mọ́mì nọ́ọ̀sì, tí kò bá léwu, kí ló dé tí ẹ̀yin fi ń sá jáde, tẹ́ ẹ ń ti ilẹ̀kùn?

Nọ́ọ̀sì Tó Ti Fẹ̀yìntì: Ẹni tó ra àkàrà àti ẹni tó ń dín in, ta lèéfín ń bá lójú jẹ́? Ìwọ wá lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, o lọ. Àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ń ṣe é fún èrò rẹpẹtẹ, ọdún dé ọdún. N kò sì ní kò léwu o. Ó lè mú kí táírọ́ìdì máa ṣiṣẹ́ lọ́lẹ̀ tó bá yá, kí wọ́n máa yẹ ẹ̀jẹ̀ wò fún un lọ́dọọdún. Tó bá gba àyà kọjá, ó lè bá ọkàn jà lẹ́yìn ọdún púpọ̀, ọ̀dọ́bìnrin sì gbọ́dọ̀ máa yẹ ọmú wò. Kí àbúrò jìnnà sí sìgá.

Adúróṣinṣin: Mo gbọ́. Àmọ́ àgbo kan wà tí ẹ̀gbọ́n mi kan lò…

Àdùkẹ́ Aláṣọ: Ṣé kókó ẹ̀gbọ́n yìí, wọ́n gé e yẹ̀ wò rí?

Adúróṣinṣin: Wọn ò gé e.

Àdùkẹ́ Aláṣọ: Ó tán. Ta ló wá mọ̀ bóyá jẹjẹrẹ ni?

Bàbá Olóko, Oǹdó: Abẹ́ ikùn níbi itan ni tèmi wà, kì í ṣe Hodgkin, irú lìmfómà mìíràn ni, fọlíkúlà ni wọ́n pè é. Ìpele kìíní, n kò gba kẹ́mò rárá, ìtànṣán ẹ̀ẹ̀méjìlá péré. Kó tó dìgbà náà, ibì kan tí n kò ní dárúkọ ti fi oògùn ikọ́ fée jẹ mí níyà fún oṣù mẹ́fà, láìgé nǹkan kan yẹ̀ wò. Mi ò wúkọ́ rí o! Nítorí náà, ẹni tí kókó rẹ̀ ò dùn ún tí kò sì lọ, kó ní kí wọ́n gé e yẹ̀ wò.

Ìtànṣán ò dà mí láàmú, ọ̀nà ló dà mí láàmú. Ìbàdàn ni mo ti gbà á. Mo kọ́kọ́ ní n óò máa lọ n óò máa bọ̀ láti Oǹdó. Ọjọ́ kejì ni mo gbọ́n. Mo gba yàrá kan, owó yàrá àti oúnjẹ sì lé mi sá. Ẹ̀rọ tún bàjẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan, a jókòó a ń wojú ara wa. Ẹ múra owó ibùsùn sílẹ̀ kí ẹ tó múra owó mìíràn.

Kẹ̀kẹ́ Kò Sinmi: Ìfẹ̀ lẹ gbà àbí Ọ̀rẹ̀?

Bàbá Olóko, Oǹdó: Ìfẹ̀ mà ni. Ta ló ń gba Ọ̀rẹ̀ lọ Ìbàdàn?

Kẹ̀kẹ́ Kò Sinmi: Mo kàn béèrè ni, bàbá.

Ọmọ Ìjọ́kà: Mo ka ti àkàrà yẹn fún ìyá wa, wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí n béèrè bóyá ó lè jẹ iyán lásìkò náà.

Sísí Alágbàká: Ó lè jẹ ẹ́, àmọ́ kí ọbẹ̀ pọ̀, kí ata dínkù, ọ̀fun máa ń dunni láti bí ọ̀sẹ̀ kejì, itọ́ á sì gbẹ. Iyán dà bíi páálí lẹ́nu mi nígbà náà. Adùn rẹ̀ padà wá o, ó kàn pẹ́ ni. Kó má fi Robb tàbí páfúmù pa ọrùn. Kó sì sọ fún wọn ṣáájú tí kò bá fẹ́ràn kí nǹkan bo òun lójú.

Ọmọ Ìjọ́kà: Kò fẹ́ràn ẹ̀ rárá. Kó máa ka ibùdókọ̀ nìyẹn.

Kẹ̀kẹ́ Kò Sinmi: Kó má fo Roadblock.