Báàjì WAAC tí bàbá mi fi sílẹ̀: ṣé wọ́n ṣì ń lò ó lẹ́yìn 1971?

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Abẹ́òkúta ni mo wà, ní Ìtòkò. Nígbà tí à ń tú àpótí bàbá mi olóògbé, a rí báàjì irin kékeré kan tí wọ́n kọ WAAC (West African Airways Corporation, ilé-iṣẹ́ bàálù) sí, àti fọ́tò tí bàbá mi dúró lábẹ́ apá bàálù, sípánà lọ́wọ́ wọn. Kò sí déètì lẹ́yìn rẹ̀.

Mẹkáníìkì bàálù ni wọ́n ní Ìkẹjà. Màámi ní 1972 ni wọ́n wọṣẹ́, lẹ́yìn ogun. Ibẹ̀ ló ti rú mi lójú. WAAC tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1946 fún àwọn ìlú tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, Nàìjíríà gba tirẹ̀ ní 1958, ó sì di Nigeria Airways ní 1971. Báwo ni báàjì àtijọ́ ṣe dé ọwọ́ ẹni tó wọlé ní 1972?

Mo rò pé bàálù náà máa là á yé mi. Ó jọ Fokker F27, apá rẹ̀ wà lókè, ṣùgbọ́n wọ́n lo irú rẹ̀ ṣáájú 1971 àti lẹ́yìn rẹ̀. Mo bi àwọn méjì tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́: ọ̀kan ní wọ́n lo báàjì àtijọ́ títí ó fi tán, èkejì ní wọ́n gba gbogbo rẹ̀ padà.

Ọdún tí wọ́n wọṣẹ́ gan-an ni mo fẹ́ kọ sára ibojì wọn. Ẹ̀yin tí ẹ tàbí òbí yín ṣiṣẹ́ níbẹ̀: lẹ́yìn 1971, ṣé wọ́n ṣì ń fún òṣìṣẹ́ tuntun ní báàjì WAAC?