Ọjọ́ tí oòrùn ràn lórí òkè yìnyín

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mo ti ka àwọn ìtàn àjálù tí ẹ ń kọ síbí: ti omíyalé Ògùnpa ọdún 1980 tí àwọn àgbà sọ, àti ti oṣù kẹjọ ọdún 2011 tí ọ̀pọ̀ nínú wa fojú ara wa rí n'Ìbàdàn. Tèmi kì í ṣe omi, àmọ́ ọmọ ìyá omi ni: yìnyín tó máa ń ya kúrò lára òkè, tó sì ń wó bo ohun tó bá wà nísàlẹ̀.

Ọdún mẹ́rin ni mo lò ní Calgary, ní Kánádà, kí n tó padà sílé. Lọ́dún kejì, nínú oṣù kìíní, ìjì yìnyín jà fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Lọ́jọ́ kẹrin oòrùn yọ, ojú ọ̀run mọ́ roro. Àwa mẹ́rin níbi iṣẹ́ bá gba ọ̀nà Banff lọ, a fẹ́ rìn lórí òkè. Lójú tèmi, ìjì ti lọ, ewu ti bá a lọ.

Màmá kan tó ń ṣamọ̀nà wa lórí òkè ò rí i bẹ́ẹ̀. Ó ti wo ìkìlọ̀ ọjọ́ yẹn lórí ìkànnì Avalanche Canada, àjọ tó ń kìlọ̀ nípa yìnyín tó ń ya: ìpele ewu 3 nínú 5. Ó ní ká má fojú kékeré wo 3 yẹn, pé lọ́jọ́ tó bá jẹ́ 5, ta ni yóò jáde nílé? Ó so ẹ̀rọ kékeré kan mọ́ kálukú láyà, èyí tí wọ́n fi ń wá ẹni tí yìnyín bá bò mọ́lẹ̀. Ó tún fún wa ní ṣọ́bìrì àti ọ̀pá gígùn tó ṣeé ká. Ó ní bí ẹ bá hú èèyàn jáde kó tó pé ìṣẹ́jú 15, ó ṣeé ṣe kó yè. Bó bá kọjá ìdajì wákàtí, ẹ máa gbàdúrà ni.

Nígbà tá a dé ẹ̀gbẹ́ òkè, ó gbẹ́ kòtò, ó ní kí n bẹ̀rẹ̀ wò ó. Yìnyín tuntun tí afẹ́fẹ́ kó jọ ló wà lókè, ó le, ó dì gan-an. Lábẹ́ rẹ̀ ni ti àtijọ́ wà, ó rí hóró-hóró. Mo bù ú, mo fún un mọ́wọ́, kò lẹ̀ mọ́ra. Ó ń dà láàárín ìka mi bíi gàrí gbígbẹ tí omi ò kàn. Orí gàrí yẹn ni gbogbo ẹrù ọjọ́ mẹ́ta jókòó lé! Ó ní ibi tó bá dagun tó ìwọ̀n dígírì 30 sí 45 ni yìnyín ti máa ń ya jù, àti pé lọ́pọ̀ ìgbà, ẹsẹ̀ ẹni tó kú náà tàbí ti ẹni tí wọ́n jọ lọ ló já a.

A ò tíì rìn ju ogún ìṣísẹ̀ lọ tí ilẹ̀ fi dún lábẹ́ wa: wùùùm! Mo mọ̀ ọ́n lára pé ibi tí mo dúró sí rọ̀ wálẹ̀ díẹ̀. Ìlà tín-ín-rín kan là kọjá níwájú bàtà mi, ó sáré lọ sápá òsì. Màmá ò pariwo. Ó kàn nawọ́ sẹ́yìn, a sì ń padà lọ́kọ̀ọ̀kan sáàárín igi. A wà níbẹ̀ nígbà tí yìnyín orí òkè òdìkejì ya. Kò sẹ́ni lábẹ́ rẹ̀, a dúpẹ́. Èéfín funfun ni mo kọ́kọ́ rí. Ariwo ẹ̀ ló dé lẹ́yìn.

Nínú ọkọ̀ ló ti sọ fún mi pé ní ọjọ́ kìíní oṣù kejì ọdún 2003, yìnyín pa ọmọ ilé-ìwé 7 lẹ́ẹ̀kan náà ní Glacier National Park, ní British Columbia. Kò tún sọ̀rọ̀ mọ́ títí a fi délé.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo pe ìyá mi n'Ìbàdàn. Mo rò pé yóò bínú pé kí ni mo wá lọ sórí òkè. Ohun tó bi mí ni pé, "Ṣé ó ti dá kí ẹ tó jáde?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni mà, oòrùn tiẹ̀ ń ràn. Ó mí kanlẹ̀. Ó ní lọ́dún Ògùnpa yẹn, òjò ti ń dá lọ lójú àwọn náà, òun ti gbé ọpọ́n aṣọ síta láti lọ sá a, kí omi tó gba ẹ̀yìnkùlé wọlé.