Báwo la ṣe máa pín owó gọ́tà?

Ẹ kú ilé o. Èmi ni akọ̀wé àwọn lándílọ́ọ̀dù ládùúgbò wa ní Lokogoma l'Abuja níbí, tójò bá ti rọ̀ omi á kàn ya wọlé bá àwọn tó wà nísàlẹ̀. A fẹ́ la gọ́tà ńlá. A kọ́kọ́ ní kí gbogbo ilé san iye kan náà, àwọn tílé wọn kéré fàáké kọ́rí, mi ò sì dá wọn lẹ́bi. Mo wá rí i pé ní Virginia Beach, ìlú etí òkun l'Amẹ́ríkà, bí òrùlé àti kọnkéré iléeṣẹ́ bá ṣe fẹ̀ tó ni wọ́n ṣe ń gbowó omi òjò lọ́wọ́ ẹ̀, torí omi ò lè wọlẹ̀ níbẹ̀. Àmọ́ àwọn tó da kọnkéré jù níbí, òkè ni wọ́n wà, wọ́n ní omi ò kan àwọn (àbí ẹ ò rí nǹkan!). Ṣé ká fi fífẹ̀ kọnkéré pín in fún tòkètìsàlẹ̀ ni? Ẹ má bínú pó gùn, ẹ ṣé gan-an.