«Ìbísí» àbí «àlékún»: iye tí ìkànìyàn ń fi hàn

Lórí àwọn ọ̀rọ̀ Yorùbá tí a máa fi kọ̀wé nípa ìkànìyàn, àbá tó wà nílẹ̀ ni pé ká máa pe iye tí èèyàn ìpínlẹ̀ kan fi pọ̀ sí i láàárín ìkànìyàn méjì ní «ìbísí». Mi ò fara mọ́ ọn. Ọmọ bíbí ló ń mú ìbísí wá. Ẹni tó kó ẹrù láti Ògbómọ̀ṣọ́ lọ máa gbé ní Ìkòròdú, wọn ò bí i síbẹ̀, àmọ́ ibẹ̀ ni wọ́n ti máa kà á. «Àlékún» ni kó jẹ́, torí kò sọ ọ̀nà tí wọ́n gbà wọlé. Ẹ jẹ́ kí «ìbísí» dúró fún iye ọmọ tuntun tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn tí a bá yọ iye òkú kúrò.

Ẹ sì wo ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ìkànìyàn 1991 ka 3,785,338 níbẹ̀, ti 2006 ka 3,460,877. Ẹni tó bá kàn yọ ọ̀kan lára èkejì á ní àwọn ará Oǹdó ti ń sá kúrò nílùú. Irọ́ gbuu! Ní oṣù kẹwàá 1996 ni wọ́n gé ìpínlẹ̀ Èkìtì kúrò lára rẹ̀. Ìdínkù kọ́ nìyẹn, «ìgékúrò» ni. Ìwé 1991 la máa padà sí, ká to àwọn èèyàn rẹ̀ sábẹ́ ààlà tuntun: Oǹdó 2,249,548, Èkìtì 1,535,790. Nígbà náà ni àlékún Oǹdó máa tó hàn, 1,211,329. Ẹ má sì fi orúkọ ìjọba ìbílẹ̀ nìkan tò ó o. 589 ni wọ́n tẹ́lẹ̀ ní gbogbo Nàìjíríà, wọ́n di 774 ní 1996, orúkọ kan náà lè wà lórí ilẹ̀ tó ti kéré sí ti tẹ́lẹ̀.

Ní ti «ìwọ̀n àlékún ọdọọdún», èyí dára ju «ìdàgbàsókè» lọ, torí ìlú lè kún fọ́fọ́ kó má dàgbà rárá. Àárín ìkànìyàn méjèèjì, láti oṣù kọkànlá 1991 dé oṣù kẹta 2006, jẹ́ ọdún 14.3, kì í ṣe 15. Àlékún Oǹdó yẹn jẹ́ 53.8% iye ti 1991. Tí ẹ bá kàn pín 53.8% sí 14.3, nǹkan bíi 3.8% lẹ máa rí, ó sì ti pọ̀ jù, torí àlékún ọdún yìí náà á bí tiẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀, bí owó èlé tó ń bí èlé. Nǹkan bíi 3% lọ́dún ló tọ́.

«Agbo ilé» fún àwọn tó jọ ń gbé tí wọ́n sì ń jẹun nínú ìkòkò kan náà ńkọ́? Rárá. Agbo ilé kan lè ní ìkòkò mẹ́wàá nínú. Bí akànìyàn bá kọ gbogbo wọn sórí fọ́ọ̀mù kan, iye èèyàn nínú fọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan á wú lásán. «Ìdílé» náà ò ṣe é lò, ó ń kó àwọn tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù mọ́ ọn. «Ará ìkòkò kan» gùn díẹ̀, àmọ́ kò ní ṣi akànìyàn lọ́nà.